Ta Ni Agboolé Itẹ́ Òkú Ìlú?

Nínú agboolé Yorùbá, ibojì kì í ba ọmọdé lẹ́rù. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n sin bàbá àgbà sí, wọ́n fi táìsì bò ó, àwọn ọmọ-ọmọ ń jókòó lé e jẹun, àwọn ìyàwó ilé sì ń sá ata sí i. Ṣùgbọ́n bí ibojì bá ti kúrò lágboolé tó di ti ìlú, kò lẹ́ni mọ́.

Ohun tó ṣe itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní erékùṣù Èkó nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sí nígbà tó kú ní 1891. Ọmọ Òṣoògùn ni, wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà ní 1864. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun pa itẹ́ òkú náà rẹ́. Wọ́n kó egungun Crowther lọ sí Kàtídírà tó wà ní Màrínà. Àwọn tí kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Ìkẹ́nnẹ́ yàtọ̀. Inú ọgbà ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ibojì rẹ̀ wà láti 1987, ìyàwó rẹ̀ sì dára pọ̀ mọ́ ọn níbẹ̀ ní 2015. Àlejò ń wọlé, olóṣèlú ń wọlé, ibẹ̀ kò sì di igbó, nítorí ẹbí wà nílé.

Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Crowther, kò sí nílé tirẹ̀. Itẹ́ òkú Ìkòyí ló wà láti 1946. Àwòrán ojú rẹ̀ wà lára owó onírin náírà kan, àmọ́ mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Èkó ló ti dé ìdí ibojì rẹ̀ rí?

Àwọn kan á ní ilẹ̀ Èkó ti wọ́n gógó, alààyè ló sì nílò rẹ̀. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ, ọdún àti ìlú tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún ìdílé Sàró tàbí Àgùdà kan, ìyẹn ìran àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone tàbí Brazil. Bí katakata bá ti kó òkúta yẹn lọ, ó tán.

Ìjọba ló yẹ kó ṣe agboolé fún àwọn òkú ìlú. Kí ìjọba Èkó kọ gbogbo orúkọ tó wà ní Ìkòyí sílẹ̀, kó ya fọ́tò àwọn òkúta náà kí òjò tó pa wọ́n rẹ́, kí àwọn olùkọ́ sì máa kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wò wọ́n.