Èdè Wo Ni Ẹ̀rọ Agékoríko Gbọ́?

Oko ọ̀pẹ pọ̀ nílẹ̀ Ìkálẹ̀, koríko kì í sì í sùn lásìkò òjò. Tirakítọ̀ tó gbé ẹ̀rọ agékoríko sẹ́yìn a máa dín iṣẹ́ àdá kù, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìtọ́jú rẹ̀.

Bí abẹ kan bá ṣẹ́ lára ọ̀pá tó ń yí, a kì í pààrọ̀ òun nìkan; a ó pààrọ̀ èyí tó dojú kọ ọ́ pẹ̀lú. Bí ìwọ̀n wọn kò bá dọ́gba, ẹ̀rọ yóò máa gbọ̀n, bíárìn yóò sì bàjẹ́. Bí a bá pa ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá náà ṣì lè máa yí fúngbà díẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí lè pàdánù ọwọ́.

Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní ìwé ọ̀rọ̀ tiwa: apá kejì Yoruba Metalanguage jáde ní 1990. Mẹkáníìkì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: gírísì, bẹ́líìtì, nọ́ọ̀tì. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká jókòó sí kíláàsì ká máa ṣẹ̀dá òmíràn fún un. Ẹ jẹ́ ká tọ̀ ọ́ lọ, ká kọ èyí tó ń lò sílẹ̀, ká fi ṣe ìlànà ojú ìwé kan tí a ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Àpilẹ̀kọ tó gba ọwọ́ ẹnìkan là kò kéré sí èyí tó dá lórí àrànmọ́ fáwẹ̀lì.