Ẹ má tìtorí orúkọ ra kọ̀ǹpútà



Àwọn ọ̀dọ́ wa tó fẹ́ ṣe infographie ń pọ̀ sí i: ìwé ìpè ìgbéyàwó, pátákó ìpolówó, àwòrán ara aṣọ. Ohun tó ń dùn wá ni pé òbí á ta àgbàdo, á fi owó rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tó rẹwà, síbẹ̀ kò ní í lè gbé Photoshop.

Èrò tiwa ni pé iṣẹ́ ni ká wò, kì í ṣe orúkọ. Mac dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Adobe fúnra wọn dámọ̀ràn RAM 16 Go fún Photoshop. 8 Go ló kéré jù. Kí ó ní SSD, torí ó yára ju disque dur àtijọ́ lọ. Ẹ wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú: bí àwọ̀ rẹ̀ bá ń parọ́, ohun tí a tẹ̀ jáde á yàtọ̀ sí ohun tí oníbàárà rí, owó á sì ṣòfò.

Níbi tí iná ti ń lọ lemọ́lemọ́, alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára ló yẹ. Occasion tó ní gbogbo èyí sàn ju tuntun tí kò ní i lọ; kẹ́ ẹ ṣáà tàn án wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Inkscape àti GIMP wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú iṣẹ́ náà, ẹ bá wa dá sí i.