Ẹ Yé Na Ajá Tí Bángà Ń Bà Lẹ́rù

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Bí Kérésì bá ti kù dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ọmọ ń yin bángà, àwọn kan ládùúgbò wa a máa na ajá nítorí pé ó ń gbọ̀n, ó ń gbó. Ìyà wo nìyẹn! Ẹ̀rù ló ń bà á.

Aránṣọ ni mí. Síńgílẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó ni mo gé, mo fi gbá ajá tèmi láyà àti níkùn, bí ìyá ṣe ń fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ra. Ara rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ń fi mí ṣẹ̀rín, bẹ́ẹ̀ láti 2009 ni wọ́n ti ń ta irú ẹ̀wù yìí, ThunderShirt, ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe gbogbo ajá ló ń ràn lọ́wọ́ o. Kí ó fún mọ́ra, ṣùgbọ́n kí ó má dí i léèémí. Tí bángà bá ti dákẹ́, ẹ bọ́ ọ kíá. Ajá kì í làágùn bí tiwa, ooru a tètè mú un.

Télọ̀ kan,
Ìwó.