Ohùn Tó Fara Pamọ́ Sínú Ọmọ Aláìgbọràn
Bí ọmọ bá ya ìpáǹle, ẹgba ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ẹ wo Pierre Morhange nínú Les Choristes, fíìmù tí Christophe Barratier darí ní ọdún 2004. Ọdún 1949 ni ìtàn náà wáyé, nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ya pòkíì nílẹ̀ Faransé, níbi tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti gbà pé ìyà nìkan ló ń tún ọmọ ṣe. Ìyà ò tún Pierre ṣe. Ìgbà tí Clément Mathieu, alábòójútó tuntun, kó àwọn ọmọ jọ sínú ẹgbẹ́ akọrin ni nǹkan yí padà, tí ohùn Pierre sì jáde. Nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ ẹ́, Mathieu gba ipò adákọrin lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àlejò pàtàkì dé, ó dá a padà fún un. Ìbáwí tó ní ìfẹ́ nínú nìyẹn. Ẹ̀kọ́ orin kì í ṣe eré lásán: inú ẹgbẹ́ akọrin lọmọ ti ń kọ́ sùúrù, tó sì ń kọ́ bí a ti ń tẹ́tí sí ẹlòmíràn. Bí a bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ẹ jẹ́ ká fọ̀tún fà á mọ́ra.