Ẹ Sẹ́ Kọfí, Ẹ Má Fi Gbé Oògùn Mì



Láàárín ọdún 1400 sí 1500 ni àwọn Súfí ilẹ̀ Yemen ti ń mu kọfí kí oorun má baà gbé wọn nídìí ìrántí Ọlọ́hun lóru. Lónìí, kọfí ti wọ ilé wa ní Ọ̀dà, pàápàá lásìkò sààrì. A kò ní kí ẹ má mu ún. Èrò wa ni pé kí ẹ máa sẹ́ ẹ nílé. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ tẹ́ bébà asẹ́ sínú àrọ, ẹ da kọfí lílọ̀ sí i, kí ẹ sì rọra máa da omi gbígbóná lé e. Bébà yẹn ló ń dá òróró inú kọfí dúró, èyí tó máa ń fi kún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n bébà kò lè sẹ́ ohun gbogbo. Ohun tí kì í jẹ́ kí ara gba èròjà irin inú oògùn ẹ̀jẹ̀ dáadáa ṣì wà nínú ife. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tó wá fi kọfí gbé oògùn mì ní sààrì, ń fi ọwọ́ kan gbìn, ó ń fi èkejì hú u. Ẹ fi omi lo oògùn ẹ̀jẹ̀ nígbà ìṣínu, kí kọfí sì jìnnà sí i ní wákàtí méjì. Kí aláboyún má kọjá ife kan lóòjọ́, nítorí 200 mílígíráàmù kaféènì ni òdiwọ̀n tirẹ̀.

Àmáànà Ọlọ́hun ni ara wa. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ọ.