Ọmọ Mẹ́rin Ni Màmá Bí, Ẹyọ Kan Ló Ń Tọ́jú Wọn

Ẹ jókòó sí ìpàdé ẹbí tí wọ́n pè nítorí òbí tó ń ṣàìsàn, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ń gbé odindi ẹrù lé ẹnì kan lórí. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó á ní iṣẹ́ kò jẹ́ kóun rímú mí, ṣùgbọ́n òun á máa yọjú lóṣooṣù. Àbúrò tó wà nílùú ọba á sọ̀rọ̀ lórí fóònù, á ní kí ẹnikẹ́ni má ṣèyọnu nítorí owó oògùn. Èyí tó wà ní Àbújá á sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ojú á yí sí ọmọ tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti Màmá. "Ìwọ náà lo sún mọ́ wọn jù. Ọwọ́ rẹ ni wọ́n ti máa ń fẹ́ gba oúnjẹ." Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á jẹun, oníkálukú á wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Obìnrin yẹn ní ọkọ, ó ní ọmọ mẹ́ta nílé, iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe, kò sì sí ẹni tó bi í pé báwo ni yóò ṣe ṣe é.

Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ló wà lọ́kàn mi lọ́sẹ̀ yìí. Nígbà mìíràn ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́, obìnrin ló pọ̀ jù. Ó ti lé lógójì ọdún. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì lè dá dúró, àwọn òbí rẹ̀ kò sì lè dá dúró mọ́. A máa ń sọ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. N kò bá òwe yẹn jà, mo gbà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí òwe náà ti ní kí ọmọ kan ṣoṣo máa fún un lọ́mú nígbà tí mẹ́ta mìíràn jókòó, tí wọ́n ń kí i pé ó kú iṣẹ́.

Mo mọ ọ̀kan nínú wọn dáadáa, ní Ìbàdàn ló ń gbé. Rọpárọsẹ̀ mú ìyá rẹ̀ lápá ọ̀tún. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń jí. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kó yí Màmá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ̀yìn wọn má baà dégbò. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan pampas, omi gbígbóná, aṣọ. Ògì tó ń pò fún wọn kò gbọdọ̀ ki jù, kò gbọdọ̀ ṣàn jù, torí ọ̀nà ọ̀fun Màmá kò gba nǹkan bíi tàtijọ́ mọ́. Ṣíbí kékeré ló fi ń fún wọn, á dúró kí wọ́n gbé e mì kó tó bu òmíràn. Ẹni tí kò tíì ṣe é rí kò lè mọ bí àsìkò ṣe ń lọ lórí abọ́ ògì kan. Láàárín ìyẹn náà ni àwọn ọmọ ń wá ìbọ̀sẹ̀, tí ọkọ ń bèèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Lórí firíìjì rẹ̀ ni abọ́ áísìkiriìmù kan wà. Inú rẹ̀ ló to gbogbo oògùn Màmá sí, ti àárọ̀ nínú ọ̀rá kan, ti alẹ́ nínú ọ̀rá mìíràn, ó fi báírò kọ orúkọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí nọ́ọ̀sì tó lè tò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo gbé agolo mílíìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, káàdì ilé ìwòsàn kan wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí yóò padà wá. Ọjọ́ náà ti kọjá tipẹ́. Mo bi í, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí sí ti Màmá ná."

Káàdì yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fa rọpárọsẹ̀ ju ohunkóhun lọ, kì í sì í sábà fi àmì kankan hàn títí yóò fi ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ọ̀nà tí ìyá gbà dórí ibùsùn ni ọmọ ń tọ̀ bọ̀ yìí, láìsùn, láìsinmi, láìlo oògùn. Bí ó bá ṣubú, ta ni yóò yí Màmá padà ní ìdájí? Ẹ̀gbọ́n Èkó tó ń yọjú lóṣooṣù? Ẹni tó bá fẹ́ràn Màmá gbọ́dọ̀ ka ìlera ọmọ tó ń tọ́jú wọn mọ́ ìtọ́jú Màmá. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, n kò sì ní kúrò níbẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Bí obìnrin bá ní òun fẹ́ tọ́jú ara òun, wọ́n á rò pé fàájì ló ń wá, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ wà lórí ibùsùn, òun ń lọ ṣe irun. Kí ló burú nínú irun? Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ fi irun sílẹ̀. Oorun wákàtí mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò jí i nínú rẹ̀ ni mò ń sọ. Oúnjẹ tó gbóná, tó jókòó jẹ. Kí ó lè lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú láìmáa wo aago. Kí ó lè rẹ́rìn-ín níta láìsí ẹni tí yóò wò ó bíi pé ó dẹ́ṣẹ̀.

Ohun kan tún wà tí a kì í fẹ́ sọ síta. Ẹni tí ó ti rẹ̀ máa ń kanra. Ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ bí ẹ̀mí ara rẹ̀ lè jágbe mọ́ ọn ní aago méjì òru nítorí pé ó tún ti da omi sórí ibùsùn lẹ́ẹ̀kẹta. Ó lè fa apá tí kò yẹ kó fà. Lẹ́yìn náà á lọ dúró sí kíṣìnì, á sunkún, kò ní lè sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí gbogbo ayé ti ń pè é ní ọmọ dáadáa. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà ń gbọ́ ohùn yẹn láti inú yàrá. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 ti di igbákejì nọ́ọ̀sì, kì í lọ sí lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ mọ́, WAEC sì ń bọ̀. Ìran mẹ́ta ló ń jìyà àìsinmi ẹnì kan.

Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé àwọn ìyá wa ṣe é, wọn kò ráhùn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n agbo ilé ni àwọn ìyá wa ti ṣe é. Bí ìyá àgbà bá dùbúlẹ̀, ìyàwó àgbà wà, ìyàwó kékeré wà, ọmọ ilé tí kò tíì lọ sílé ọkọ wà, ọmọ-ọmọ tí wọ́n fi ti ìyá àgbà wà, tó ń bá wọn sùn. Ẹni tó lọ sọ́jà lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n lágbára jù wá lọ, ọwọ́ ló pọ̀. Lónìí, yàrá méjì àti pálọ̀ nínú fúláàtì ni, ìyá lọ síbi iṣẹ́, bàbá lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ lọ sí iléèwé, èyí tó yẹ kó ràn wọ́n lọ́wọ́ ti rí físà. Ẹrù agbo ilé ṣì wà nílẹ̀, agbo ilé fúnra rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Ìjọba náà kò ṣètò tó bá ìyẹn mu. Òfin iṣẹ́ wa, ti ọdún 1974, fún abiyamọ ní ọ̀sẹ̀ 12, ó fún òṣìṣẹ́ tó ń ṣàìsàn ní ọjọ́ 12 lọ́dún, ó sì ní kí ìsinmi ọdọọdún má dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 6. Kò ya ọjọ́ kankan sọ́tọ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn UCH. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún òṣìṣẹ́ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bímọ. Ó dára. A ti gbà nìyẹn pé ìtọ́jú ilé tó ohun tí èèyàn lè torí rẹ̀ má wá síbi iṣẹ́. Kí ló dé tí kò dé ọ̀dọ̀ òbí? Ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Bàbá àti ìyá tó bí òṣìṣẹ́ náà kò sí nínú rẹ̀, àfi bó bá tún sanwó lé e. Ẹni tó ṣètò yẹn kò ro ti ilé Yorùbá. Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó arúgbó ní 2011, 5,000 náírà lóṣooṣù fún ẹni tó ti pé ọdún 65. Ìjọba tó tẹ̀ lé e kò bá a lọ. A nílò ètò tí kì í bá gómìnà lọ sílé.

Kí ìjọba tó jí, ẹbí ní iṣẹ́ láti ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ ṣeun, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń làágùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé owó oògùn ti parí ọ̀rọ̀. Ẹ fi owó ọwọ́ kún un. Ẹ san owó ẹni tí yóò máa wá sùn ti Màmá lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí àbúrò yín lè sùn. Àwọn kan á ní ẹ gbé ìyá yín fún àjèjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò ní wá pààrọ̀ pampas.

Ẹ̀yin ọkùnrin, mo gbọ́ ohun tí ẹ máa ń sọ, pé ọmọkùnrin kì í wẹ ìyá rẹ̀. Ẹ má wẹ̀ wọ́n. Ẹ lè tò sórí ìlà káàdì ní ilé ìwòsàn láti aago mẹ́fà. Ẹ lè fọ aṣọ, ẹ lè gbé àwọn ọmọ lọ sí iléèwé, ẹ lè wá sun ilé Màmá ní alẹ́ Sátidé. Ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú ìyá tó bí òun ọkọ, tí ó tún ń bèèrè iyán nírọ̀lẹ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa.

Ìwọ tó ń tọ́jú wọn náà, arábìnrin mi, gba ìrànlọ́wọ́ nígbà tó bá dé. Mo mọ̀ pé o rò pé kò sí ẹni tó lè ṣe é bí o ṣe ń ṣe é. Bóyá òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ á po ògì tó ki jù lọ́jọ́ kìíní. Fi bó ṣe yẹ kó rí hàn án, kí o sì jáde. Kí ibi àkọ́kọ́ tí o máa lọ jẹ́ ilé ìwòsàn, pẹ̀lú káàdì rẹ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ pe ẹni yẹn lórí fóònù kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bí ẹ bá ti kí i tán, tí ẹ ti bèèrè ara Màmá, ẹ má tíì gbàdúrà fún un. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ló fẹ́ kí ẹ wá gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì wá lọ́jọ́ náà.