Irọ́ Ni! Pípa Fáìlì Rẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Dísìkì Tó Kún

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú sáfà, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu gbogbo yín kò lé lórí: bí dísìkì bá kún, pa fáìlì rẹ́, àyè á yọ. Òun lẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Irọ́ ni, iṣẹ́ tí irọ́ yìí sì ti bà jẹ́ kò kéré.

Ẹ wo sáfà Linux kan tí gbogbo ètò rẹ̀ wà lórí ìpín dísìkì 40 GB. Ìkànnì kú lóru. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ df -h, ó rí 100%. Ó wọ /var/log/nginx, ó bá access.log tó ti wú di 18 GB níbẹ̀, ó fi rm pa á rẹ́. Ó tún tẹ df -h, 100% náà ló rí. Àyà rẹ̀ já, ló bá ń wá nǹkan mìíràn pa.

Kí ló dé? Orúkọ fáìlì nìkan ni rm yọ kúrò nínú fódà. Níwọ̀n ìgbà tí Nginx ṣì ṣí fáìlì náà sílẹ̀, kernel kò ní tú àyè rẹ̀ sílẹ̀, Nginx á sì máa kọ̀wé sínú rẹ̀ lọ. Ẹni tó yọ nọ́ńbà ilé kúrò lẹ́nu ọ̀nà kò tíì lé ayálégbé jáde. Orúkọ ni àṣẹ du ń tọ̀ ka nǹkan, nítorí náà kò rí 18 GB yẹn mọ́. df ń rí i, torí àyè tó kù gan-an ló ń wò. Bí òǹkà méjèèjì bá jìnnà síra, ẹ tẹ lsof +L1. Á tú àṣírí fáìlì tí kò lórúkọ mọ́ àti ètò tó dì í mú. Ẹ tún ètò náà bẹ̀rẹ̀, àyè á yọ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ dára jù ni kí ẹ má pa log náà rẹ́ rárá: truncate -s 0 á sọ ọ́ di òfìfo níbi tó wà, kí logrotate sì máa bójú tó o láti ọjọ́ náà lọ.

Ẹnìkan á ní òun pa fáìlì rẹ́ lánàá, àyè sì yọ. Bẹ́ẹ̀ ni, torí kò sí ètò tó ṣí i. Ìyẹn kò sọ ọ́ di òfin.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àyè wà rẹpẹtẹ, síbẹ̀ sáfà á ní “No space left on device”. Inode, èyí tí fáìlì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan, ló tán. Bí a kò bá yí nǹkan kan padà, ext4 ń pèsè inode kan fún báìtì 16,384 kọ̀ọ̀kan. Ìpín 20 GB kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún fáìlì lọ. Fáìlì session PHP tíntìntín tí ẹnikẹ́ni kò gbá lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ pa fáìlì ńlá mẹ́wàá rẹ́, inode mẹ́wàá péré lẹ gbà padà. df -i ló ń fi èyí hàn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ohun tí wọ́n ń fọwọ́ pa nígbà tí àyà wọn bá já: kernel inú /boot, fáìlì inú /var/lib/dpkg, binary log ti MySQL. Gbogbo wọn ló ní ètò tó ń bójú tó wọn. apt autoremove ló mọ kernel tó yẹ kó lọ, PURGE BINARY LOGS ni MySQL gbọ́, journalctl --vacuum-size ló wà fún àkọsílẹ̀ systemd. Ẹni tó bá ba /var/lib/dpkg jẹ́ nítorí ìwọ̀nba àyè lè má lè fi apt gbé ètò tuntun sórí sáfà náà mọ́.

Mo bẹ̀ yín, kí ọwọ́ yín tó kan rm, ẹ kọ́kọ́ tẹ df -h, df -i àti lsof +L1, kí ẹ sì ka èsì wọn dáadáa.